Omi Kò Mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n

Àwọn àgbà máa ń sọ pé amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó. Amòòkùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe olè o. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n, àwọn tó kàwé débi tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí ìsàlẹ̀ òkun kì í ṣe wúrà, kì í sì í ṣe owó. Ẹja ni, ewéko òkun ni, àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní gbọ́ orúkọ wọn títí a ó fi kú. Ibi tí wọ́n ti ń wá wọn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le: inú omi tó tutù débi pé, bí kì í bá ṣe iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ì bá ti dì gbagidi.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kó tó wọ irú omi bẹ́ẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ kọ́ wọn? Ta sì ni ọ̀gá nígbà tí purofẹ́sọ̀ bá wọ aṣọ amòòkùn tán, tó dúró létí ihò yìnyín? Ìbéèrè kẹta yìí ló mú mi gbé kálámù, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò jọ ohun tí a mọ̀ ní ọ́fíìsì tiwa rárá.

ỌWỌ́ NÍNÚ YÀRÁ ÒKÙNKÙN

Láyé àtijọ́, àwọ̀n, ìwọ̀ àti garawa ni àwọn onímọ̀ fi ń wádìí ohun tó wà nísàlẹ̀ òkun. Wọ́n á jù ú sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, wọ́n á wọ́ ọ lọ díẹ̀, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á wá da ohun tó bá kó sórí pákó. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn dúró níta lóru, tó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọ yàrá ẹlòmíràn, tó fa ìrọ̀rí kan àti bàtà ẹsẹ̀ kan jáde, tó wá jókòó, tó ń kọ̀wé nípa irú ìdílé tó ń gbé inú ilé náà. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò rí wọn. Kò mọ ẹni tó sùn ti ta, kò mọ ẹni tó ń bá ta jà.

Ní 1844, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Henri Milne-Edwards ní òun kò jókòó sókè mọ́. Ní etí erékùṣù Sicily, ó dé akoto irin sórí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fún un ní afẹ́fẹ́ láti òkè, ó sì wọ ìsàlẹ̀ lọ wo àwọn ẹ̀dá òkun níbi tí wọ́n ń gbé gan-an. Ó wà lára àwọn onímọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e kò pọ̀. Akoto náà wúwo, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn lókè kí ẹnì kan ṣoṣo tó lè wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń mọ ìpìlẹ̀ afárá, tí wọ́n sì ń yọ ẹrù nínú ọkọ̀ tó rì, ni wọ́n kà á sí.

Kódà nígbà tí èèyàn kọ́kọ́ wọ abẹ́ omi Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ayé, kì í ṣe purofẹ́sọ̀ ló wọ̀ ọ́. Ní Oṣù Kẹrin 1902, nígbà tí yìnyín ti há ọkọ̀ Gauss mọ́, ọkọ̀ àwọn ará Jámánì tí Erich von Drygalski jẹ́ olórí ìrìn àjò rẹ̀, káfíńtà inú ọkọ̀ náà, Willy Heinrich, ló dé akoto, tó sì wọ omi lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ káfíńtà yìí sọ́kàn, a ó tún bá iṣẹ́ rẹ̀ pàdé níwájú. Láti ìgbà náà ló ti hàn pé ìmọ̀ inú ìwé ọ̀tọ̀, ìmọ̀ inú omi ọ̀tọ̀.

Ẹ̀KỌ́ GBÓLÓHÙN KAN

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà dé ní 1943. Jacques Cousteau, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé, àti Émile Gagnan, ẹnjiníà, ṣe ẹ̀rọ èémí kan tí wọ́n pè ní Aqua-Lung. Sílíńdà afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn amòòkùn, ọ̀pá rọ́bà ti ibẹ̀ wá sẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa fún un ní afẹ́fẹ́ kìkì ìgbà tó bá fà á, ní ìwọ̀n tó bá jíjìn omi mu. Kò sí akoto irin mọ́, kò sí ẹni tó ń fọn afẹ́fẹ́ lókè. Èèyàn á kàn máa wẹ̀ lọ bí ẹja.

Nígbà tó fi máa di 1949, ẹ̀rọ yìí ti dé California ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ẹja sì ti gbé e wọ òkun. Lára wọn ni Conrad Limbaugh àti Andreas Rechnitzer. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí àwàdà pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni pé kí wọ́n má ṣe sé èémí. Ó parí síbẹ̀.

Òótọ́ ni ẹ̀kọ́ yẹn o, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gùn. Ní mítà 10 péré nísàlẹ̀, agbára tó ń tẹ èèyàn ti di ìlọ́po méjì èyí tó wà lókè. Ẹni tó bá fa afẹ́fẹ́ kún àyà níbẹ̀, tó sé e mọ́nú, tó wá sáré gòkè, afẹ́fẹ́ náà á fẹ́ fẹ̀ di ìlọ́po méjì kó tó dé òkè. Ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe bàlúùnù ọmọdé. Yíya ló máa ya. Ewu kejì tún wà. Bí èèyàn bá pẹ́ nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náítírójìn á wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Bó bá gòkè wọ̀ọ̀ láìfara balẹ̀, á máa hó jáde bí ìgbà tí a ṣí ìgò mínírà tí a ti mì. Kó hó nínú ìgò, kò burú. Kó hó nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè sọ géńdé di arọ.

Scripps, ilé ìwádìí òkun tó wà ní La Jolla, tó jẹ́ apá kan Yunifásítì California, rí i pé gbólóhùn kan kò lè tó. Ní 1954, Limbaugh di ọ̀gá tó ń mójú tó ààbò àwọn amòòkùn níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ nípò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà yẹn, kò tíì gba oyè dókítà. Kíláàsì tó dá sílẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti kọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bí a ṣe ń mòòkùn ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: akẹ́kọ̀ọ́ ló wá láṣẹ láti sọ fún àwọn tó ju òun lọ nínú ìwé pé ẹ ti yege, tàbí pé ẹ ò tíì yege, ẹ padà lọ múra sí i.

Ẹ̀kọ́ náà tàn kálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Los Angeles County lọ kọ́ ọ ní Scripps, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí kó bọ̀ dá kíláàsì sílẹ̀ fún ará ìlú. Nítorí náà, ẹni tó ń mòòkùn fún fàájì lónìí, bóyá ó mọ̀ o, bóyá kò mọ̀ o, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ àwọn oníwàádìí ló ti ṣẹ̀.

Omi California kì í ṣe omi ọlọ́wọ́ọ́rọ́. Omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀, ewéko òkun gígùn sì dúró nínú rẹ̀ bí igbó. Nínú igbó yìí ni Limbaugh ti rí ohun tí àwọ̀n kò lè fà wá sókè láéláé: ẹja kékeré tó ń jẹ kòkòrò kúrò lára ẹja ńlá, tí ẹja ńlá á sì dúró jẹ́jẹ́, wọ́n á máa retí kí ó kàn wọ́n, bí èèyàn ṣe ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961. Ṣùgbọ́n Limbaugh kò rí i.

Ní 20 Oṣù Kẹta 1960, ó wọ inú odò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Port-Miou, nítòsí Cassis, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ihò inú àpáta ni, òkùnkùn biribiri. Ó ṣìnà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tán, kò jáde láàyè. Olùkọ́ gbogbo wọn ni omi mú lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ikú yìí, nítorí kì í ṣe ikú òpè. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìmọ̀ nìkan, ta ló mọ̀ tó o? Ohun tó wà nínú ihò yẹn ni òrùlé. Nínú òkun gbalasa, bí nǹkan bá bàjẹ́, ojú ọ̀run wà lórí èèyàn, ó lè gòkè. Níbi tí òrùlé bá wà lórí omi, òkè kì í ṣe ilé mọ́. Ọ̀nà tí a bá wọlé nìkan ni ilé. Ibi tí àwọn onímọ̀ sì tún ń múra àtilọ nígbà náà, òrùlé ni gbogbo rẹ̀.

ÒRÙLÉ YÌNYÍN

Ẹni tó gba ipò Limbaugh ni James Stewart, tí wọ́n mọ̀ sí Jim. Ó wà lórí àga náà láti 1960 títí di 1991, ọdún 31 gbáko. Ó kú ní 2017. Nígbà tirẹ̀ ni iṣẹ́ amòòkùn dé Antarctica pẹ̀lú sílíńdà lẹ́yìn. Ní 1961, Verne Peckham, tó wà pẹ̀lú àwọn oníwàádìí Yunifásítì Stanford, mòòkùn lábẹ́ yìnyín ní McMurdo Sound. Ní apá ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1960, Stewart ti kọ ìlànà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ìjọba Amẹ́ríkà bá fẹ́ rán lọ síbẹ̀, òun ló sì ń wo ẹni tó tó lọ àti ẹni tí kò tó lọ.

Kí ló wà níbẹ̀? Omi McMurdo wà ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 1.9 sísàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá ti ki ọwọ́ bọ inú kúlà ẹni tó ń ta mínírà rí, tí ẹ yára fà á jáde, ẹ ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Omi máa ń fa ooru kúrò lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á. Yìnyín tó bo omi náà lè nípọn tó mítà 2 tàbí 3. Wọ́n á fi ẹ̀rọ lu ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.3, wọ́n á sì gbé ahéré kékeré tó ní iná nínú lé e lórí, kí ara àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde lè móoru. Nínú ihò yìí ni wọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ èémí. Ẹni tó bá ti fín oògùn ẹ̀fọn inú agolo rí mọ̀ pé agolo náà máa ń tutù lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú sílíńdà ṣe máa ń tutù sí i bó bá ń jáde. Nínú omi tó ti tutù tẹ́lẹ̀, ọ̀rinrin inú èémí á dì sára ẹ̀rọ, fáàfù á há ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ á máa tú jáde yàà, sílíńdà á sì gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má mí sínú ẹ̀rọ náà kí orí tó wọ omi tán. Méjì ni kí wọ́n sì gbé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí wọ́n fi ń tì í. Bí ọ̀kan bá há, tì í pa, bọ́ sórí èkejì, máa lọ sílé. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á tún un ṣe, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Nítorí pé lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, orí lè má sí nílé.

Èkejì ni aṣọ. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ kì í jẹ́ kí omi kan ara. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ nínípọn wà lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tó ń dènà òtútù. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í gbé ibi kan. Bí ẹsẹ̀ bá ga ju orí lọ, gbogbo rẹ̀ á sá lọ sí ẹsẹ̀, á gbé èèyàn sókè ní oríkodò, títí yóò fi lẹ̀ mọ́ òrùlé yìnyín bí ọmọńlé. A kì í kọ́ ìyẹn lọ́jọ́ kan. Ìdí rèé tí ètò Amẹ́ríkà ní Antarctica fi sọ pé ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ti ní ìwé ẹ̀rí amòòkùn fún ọdún kan ó kéré tán, kó ti mòòkùn nígbà 50, kí 15 nínú rẹ̀ sì jẹ́ pẹ̀lú irú aṣọ yìí.

Ẹ̀kẹta ni ihò fúnra rẹ̀. Wọ́n á so okùn kọ́ láti ẹnu rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n á fi àsíá sí i lára, wọ́n á fi iná tó ń ṣẹ́jú sí i, kí amòòkùn lè rí i láti òkèèrè. Wọ́n á fi sílíńdà kékeré kan kọ́ síbẹ̀ fún ẹni tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á lu ihò kejì, nítorí pé onílé lè dé. Onílé náà ni ẹranko òkun kan tí òyìnbó ń pè ní síìlì, tó sanra bí akọ màlúù, tó ń mí afẹ́fẹ́ bí àwa. Bó bá rí ihò tuntun, ibẹ̀ ló máa gbà yọ imú. Ẹni tó bá bá a lẹ́nu ihò gbọ́dọ̀ yà fún un kó kọ́kọ́ mí.

Ẹ̀kẹrin ló le jù, kò sì sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi ṣe é. Ọwọ́ ni òtútù kọ́kọ́ ń jẹ. Pẹ́ńsù á máa bọ́, ìka kò ní gbọ́ràn, lẹ́yìn náà ni ọpọlọ fúnra rẹ̀ á máa lọ́ra. Ẹni tó wà níbẹ̀ sì ti rìn láti òpin ayé kan dé èkejì, owó ńlá ni wọ́n ná lórí rẹ̀, ó sì ku ẹ̀dá mẹ́ta péré kó kà tán. Ọkàn rẹ̀ á wí pé, "Jẹ́ n ka mẹ́ta yìí." Ojúkòkòrò onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ti owó; ti ìmọ̀ ni. Òun náà sì lè pa èèyàn. Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bí a ṣe ń fi iṣẹ́ tó kù díẹ̀ kó parí sílẹ̀, kí a sì máa lọ.

KÍ NI ÈRÈ RẸ̀?

Ẹnì kan á ní, kí wá ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá. Ní àwọn ọdún 1960, Paul Dayton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mòòkùn ní McMurdo. Wọ́n rí i pé yìnyín kò mọ sórí omi nìkan. Láti etí omi títí dé nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀, yìnyín máa ń hù lórí ilẹ̀ òkun fúnra rẹ̀, á di àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ mú, á sì ja wọ́n sókè títí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ òrùlé. Ibi tó bá jìn ju ìyẹn lọ ni àwọn kànìnkànìn òkun ti rí ààyè gbilẹ̀. Ẹ má ronú kan kànìnkànìn tí a fi ń wẹ̀ o. Ẹ̀dá alààyè ni wọ́n, irú kan wà tó máa ń ga ju mítà 2 lọ. Wọ́n tẹ ìròyìn yìnyín yìí jáde ní 1969. Àwọ̀n wo ló máa fa irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sókè?

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Láàárín 1967 àti 1975, wọ́n gbé àwọn nǹkan kan kalẹ̀ sísàlẹ̀ òkun níbẹ̀ láti mọ bí àwọn ẹ̀dá yìí ṣe ń hù lórí wọn. Fún ọdún 22, kànìnkànìn ńlá náà kò hù lórí wọn rárá. Ẹlòmíràn á ti sọ pé kì í hù níbẹ̀, á sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn amòòkùn padà lọ wò ó ní 2004 àti 2010, ó ti hù, ó sì ti di ńlá lórí àwọn kan nínú wọn. Ìwádìí tó gba nǹkan bí ọdún 50 nìyẹn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òkun tí à ń rò pé kì í yí padà lè yí padà lójijì, ẹni tó bá sì ń padà lọ wò ó nìkan ló máa mọ̀. Kí èèyàn tó lè padà lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà bọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ ààbò ń ṣe fún ìmọ̀ nìyẹn.

Ẹja ibẹ̀ kò nílò kíláàsì. Arthur DeVries ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1960 pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí kì í jẹ́ kó dì. Ọmọ èèyàn kò ní irú ẹ̀. Ìlànà ni a fi dípò rẹ̀.

TA NI Ọ̀GÁ?

Ẹ rántí pé mo ní ká fi ọ̀rọ̀ káfíńtà sọ́kàn. Ní 1975, ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà ní Amẹ́ríkà, tí àwọn amòòkùn tó ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé nínú omi wà lábẹ́ rẹ̀, kọ̀wé sí ìjọba pé iṣẹ́ abẹ́ omi ń pa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àwọn, kí ìjọba ṣòfin. Ẹ̀bẹ̀ wọn tọ̀nà. Ní 1977, ìjọba ṣòfin, òfin náà sì gbá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ́ra.

Àwọn onímọ̀ fárígá. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn yàtọ̀: ẹni tó ń lẹ irin mọ́ irin nísàlẹ̀ omi, ọ̀gá kan lókè ló ń pa á láṣẹ; ẹni tó ń ka ẹja, òun fúnra rẹ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣàkóso ara àwọn láti ayé Limbaugh. Ọdún 1977 yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, American Academy of Underwater Sciences. Ní 1982, ìjọba gbà fún wọn, ó yọ wọ́n kúrò nínú òfin náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àdéhùn rẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ jẹ nínú àǹfààní yìí gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ amòòkùn, kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì jẹ́ àwọn tó ń mòòkùn fúnra wọn. Àṣẹ ìgbìmọ̀ yìí ló ga jù lórí ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ ìmòòkùn níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá ààbò wà, irú ipò tí Limbaugh jẹ. Bó bá ní ẹ má wọ omi lónìí, oyè yòówù kí ẹ ní, ẹ ò wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ náà tún fi òṣùwọ̀n lélẹ̀: wákàtí 100 ti ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò, pẹ̀lú ìmòòkùn 12 nínú omi gbalasa lójú olùkọ́. Àwọn ará Yúróòpù náà ní tiwọn: ìmòòkùn 70 fún ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, 100 fún èyí tó ga jù ú. Ní Oṣù Kẹta 2007, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Svalbard, erékùṣù ilẹ̀ Norway ní àríwá ayé, láti fi ọgbọ́n wéra lórí ìmòòkùn inú yìnyín.

Ṣé gbogbo rẹ̀ wá dáàbò bo gbogbo èèyàn? Rárá o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ní 22 Oṣù Keje 2003, Kirsty Brown, ọmọ ọdún 28, onímọ̀ nípa ẹ̀dá òkun tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ ìwádìí Antarctica ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wẹ̀ lójú omi nítòsí ibùdó Rothera. Síìlì kan tí wọ́n fi orúkọ àmọ̀tẹ́kùn pè gbé e wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ẹnì kejì rẹ̀ wà nínú omi, àwọn tó ń ṣọ́ wọn wà létí omi, ọkọ̀ sì yára jáde. Gbogbo ohun tí ìlànà sọ ló wà níbẹ̀. Ó kú síbẹ̀síbẹ̀. Ìlànà kì í ṣe oògùn àjídèwe. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ikú má rí wa pa nítorí ìwà àìbìkítà, nítorí ìgbéraga, tàbí nítorí pé ẹnì kan ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gan-an ni mo ń bọ̀. Nínú ìlànà ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ, ó wà ní kíkọ pé amòòkùn èyíkéyìí lè kọ̀ láti wọ omi bó bá rí i pé ewu wà, kò sì sí ìyà tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún 22 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lè wo ojú ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò wọ̀ ọ́ lónìí," ọ̀rọ̀ á sì parí.

Mo rò ó wò lọ́nà tiwa. Dírẹ́bà mélòó ló lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé táyà yìí kò dára, òun kò lè wà á lọ sí Ìbàdàn lálẹ́ yìí, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Lébìrà mélòó ló lè sọ fún kọngílá pé pákó tí wọ́n ní kí òun gùn yìí kò le dáadáa? A máa ń dákẹ́, a ní àgbà ni, a ní ọ̀gá ni. Ọ̀wọ̀ fún àgbà dára, ìwà ọmọlúwàbí ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá ní ọgbọ́n á fi ààyè sílẹ̀ kí ọmọdé lè sọ ohun tó rí, nítorí àwọn bàbá wa náà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀.

Àwọn amòòkùn kì í lè sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ omi, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àtàǹpàkò tí àwa máa ń nà sókè láti fi sọ pé ó dára, ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn ni pé ó tó, ẹ jẹ́ ká máa gòkè. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè nà án, ì báà ṣe èyí tó kéré jù lọ. Bó bá ti nà án, ẹnì kejì á na tirẹ̀ láti fi hàn pé òun ti gbọ́. Kò sí pé kí nìdí, kò sí pé iṣẹ́ kù díẹ̀. Àwọn méjèèjì á yíjú sí ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú lára okùn, wọ́n á sì jọ máa lọ síbi ihò.